Yàtọ̀ sí Mọrèmi àti Tinúbú, àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wo ni ká kọ́ àwọn ọmọ wa?

Olùkọ́ Tákíé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọjọ́ àṣà wa ti ń sún mọ́lé. Mo ní kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi yan obìnrin kọ̀ọ̀kan tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé, kí wọ́n múra bíi tirẹ̀, kí wọ́n sì dúró níwájú àwọn òbí wọn sọ ohun tó ṣe. Orúkọ tí wọ́n mú wá ni Mọrèmi, Tinúbú, Ẹfúnṣetán àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Mọrèmi ló pọ̀ jù.

Mi ò ní kí wọ́n má yàn wọ́n. Tinúbú kó ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá nígbà tí ogun Dàhòmì dé, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́ tàbí ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ yìí á dàgbà, wọ́n á máa rò pé àwọn obìnrin ìlú mìíràn ló ṣe nǹkan, tiwa kàn ń wòran. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá orúkọ jọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ohun tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Mi ò fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́.

Ọmọ Akẹ́sán

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Orí ìtẹ́ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan yan Ìyáyùn.

Nígbà tí Aláàfin Agànjú wàjà, kò sí ọmọkùnrin tó lè gba ipò rẹ̀, oyún Kórí ló wà nínú Ìyáyùn, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bá fi Ìyáyùn ṣe adelé ọba. Kì í sì í ṣe adelé tó jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé tí àwọn ìjòyè ń bá a sọ̀rọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́ wa níbí, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin náà dé adé, ó wọ aṣọ ọba, wọ́n fi èjìgbà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n fi ọ̀pá ìlẹ̀kẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì ṣàkóso bí ọkùnrin títí Kórí fi tó ẹni tí ń jọba.

Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé obìnrin ò dé adé l'Ọ̀yọ́ rí, ẹ fi èyí hàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀. Aláàfin ni òun ní tirẹ̀, ní Ìgbòho, nígbà tí Nupe ti lé Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Jagunjagun ni. Ewé ni wọ́n ń so mọ́ ìrù ẹṣin àwọn ọmọ ogun rẹ̀, kí ewé náà máa gbá ojú ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, kí ọ̀tá má baà rí ipa ẹsẹ̀ ẹṣin tọ̀.

Bàbá Jọ́bẹlẹ́

Ọmọ Akẹ́sán, mo kí ọ. Ti Ìyáyùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Johnson kan náà tí o fi ṣe ẹlẹ́rìí, ọkùnrin ló pe Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀. A ò lè máa mú èyí tó dùn mọ́ wa nínú ìwé, ká wá fi èyí tí kò dùn mọ́ wa sílẹ̀. Olùkọ́ ní òun ò fẹ́ kọ́ ọmọ ní irọ́. Ẹ rántí o.

Ọmọ Ìgbòho

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ, ọkùnrin ni Johnson pè é. Àmọ́ Ìgbòho ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ ti jọba, Ìgbòho ni wọ́n sin ín sí, nínú Igbó Ọba, pẹ̀lú Òfinràn, Eégúnojú àti Ajíbóyèdé. Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ibojì náà láti ìran dé ìran ní ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin ni, àbúrò Eégúnojú, pé kò sí ọkùnrin tó yẹ nígbà tí Eégúnojú wàjà, òun ló bá bọ́ síbẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn ìjòyè kọ̀ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó bá fi ara rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì rí i pé ó ti di ọkùnrin. Robert Smith, onímọ̀ ìtàn kan tó ṣe ìwádìí lórí àwọn Aláàfin Ìgbòho ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi làákàyè wò ó. Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni á fi máa pìtàn bó ṣe di ọkùnrin? Wọn kì í ṣàlàyé irú rẹ̀ lórí Òfinràn. Wọn ò ṣàlàyé rẹ̀ lórí Ajíbóyèdé. Lójú tèmi, ìtàn yẹn ni ọ̀nà tí àwọn ìjòyè fi gbà á láìtẹ́.

Bàbá Jọ́bẹlẹ́

Àlàyé rẹ ní orí àti ìdí, ọmọ mi. Síbẹ̀, kí ọmọ iléèwé sọ ọ́ báyìí pé: "Ìwé kan ní ọkùnrin ni, àwọn ará Ìgbòho ní obìnrin ni." Kó sọ méjèèjì. Kò ní bu ọmọ náà kù, kò sì ní bu Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ kù.

Ìyá Ìjérù

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo yín ti sáré gba ọ̀nà ààfin lọ, ẹ sì fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni olùkọ́ yìí wà.

Ta ló dá Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀? Ẹ ó ní Ṣọ̀ún Ògúnlọlá. Ó dára. Ọdẹ ni Ògúnlọlá, ìdí igi àjàgbọn ló pàgọ́ sí, àwọn ọdẹ mìíràn náà sì wà káàkiri nínú igbó yìí. Kí ló kó wọn jọ sí àgọ́ Ògúnlọlá dípò àgọ́ ẹlòmíì? Lọ́rungbẹ́kún ni, ìyàwó rẹ̀. Òun ló ń se ẹ̀wà, òun ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Tí wọ́n bá ti igbó ọdẹ dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbèrò bí wọ́n ṣe máa gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn arìnrìnàjò ń yà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, àwọn kan ò lọ mọ́. Bí àgọ́ ṣe di abúlé nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Ẹnì kan tó jẹ Lọ́rungbẹ́kún lówó oúnjẹ sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá, inú bí Ògúnlọlá, ó lu onígbèsè náà pa. Wọ́n mú Ògúnlọlá lọ sọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ìgbà tó wà níbẹ̀ ni Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú, Ògúnlọlá lọ bá a, ó gé orí rẹ̀ wá fún ọba. Orúkọ ìlú wa ti ibẹ̀ wá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibo ni wọ́n ti máa ń dárúkọ Lọ́rungbẹ́kún sókè? A ń kì Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété níbi tí wọ́n ti ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan, a ń fi oúnjẹ kì ìlú, a ò sì rántí ẹni tó kọ́kọ́ sè é.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀wà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ dára, àmọ́ ṣé ọmọ á wá dúró níwájú àwọn òbí sọ pé obìnrin yìí se oúnjẹ? Ìyẹn ò jọ ohun tí Tinúbú ṣe.

Ìyá Ìjérù

Ọmọ mi, mi ò bínú. Kí ni Tinúbú ń ṣe kó tó di ẹni tó ń fún ìlú ní ìbọn? Ọjà ló ń tà. Ẹni tó ń tà láwìn fún ọdẹ àti àlejò nínú igbó tí kò sí ọba, tí kò sí ọlọ́pàá, tó sì mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ, ìyẹn ti ń ṣètò ìlú kí ìlú tó wà. Kò sí ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí Lọ́rungbẹ́kún tó gbé ìkòkò kaná. Kí ọmọ náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Adósù Kòso

Màmá Ìjérù, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ààfin díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni agbára obìnrin ti pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe mọ̀ lọ, tí orúkọ wọn sì ti sọnù jù.

Àwọn obìnrin olóyè wà ní ààfin Ọ̀yọ́ tí wọn kì í ṣe aya ọba lásán. Ẹ wo Ìyá Ọba. Kì í ṣe ìyá tó bí ọba, oyè ni. Ìkáwọ́ rẹ̀ ni Baṣọ̀run wà láàfin. Tó bá di ọdún Ọ̀run, tí ọba àti Baṣọ̀run bá wọ yàrá lọ bọ Ọ̀run, òun nìkan ni ẹnì kẹta tó ń bá wọn wọlé.

Ìyákéré ló tẹ̀ lé e ní ipò, àmọ́ nínú gbogbo wọn, òun ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìṣúra ọba wà. Adé, ọ̀pá, èjìgbà, gbogbo ohun tí ọba fi ń jáde síta, òun ló ń tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ọba jẹ, ọwọ́ Ìyákéré ló ń gbé adé lé ọba lórí. Òun ni olórí gbogbo ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ ọba. Èyí tó yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́ dáadáa nìyí: tí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kọ̀ láti kó ohun ẹ̀ṣọ́ ọba jáde, ọba ò sì ní lè jókòó gbàlejò lọ́jọ́ náà. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì tí gbogbo ìwé ń pariwo wọn, ìta ni wọ́n ti ń ká ọba lọ́wọ́ kò. Obìnrin yìí ń ṣe é nínú ilé, láìpariwo, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àpótí.

Ìyá Nàsó ló ni ọ̀rọ̀ Ṣàngó láàfin, ojúbọ Ṣàngó ti ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìyámọ́nàrí ni igbákejì rẹ̀. Ifá ọba wà lọ́wọ́ Ìyálémọlẹ̀. Mo lè máa kà á lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oyè gbé orúkọ mì. Tí ẹ bá bi mí pé ta ni Ìyákéré nígbà Aláàfin Abíọ́dún, mi ò lè sọ. Orúkọ ọba wà, orúkọ Baṣọ̀run Gáà tó bá a jà wà. Orúkọ obìnrin tó gbé adé lé e lórí kò sí.

Olùkọ́ Tákíé

Adósù, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣé ẹyọ ẹnì kan ò sí nínú wọn tí a mọ orúkọ tàbí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Mo fẹ́ kí ọmọ lè sọ pé "lágbájá ni mí".

Adósù Kòso

Ó wà, àmọ́ òkè òkun ni ẹ ó ti rí i. Nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bàhíà, ní Bùràsíìlì. Ní ìlú Salvador níbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ oyè Ìyá Nàsó wà nínú àwọn tó dá ilé òrìṣà sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé ìjọba ibẹ̀ ni Francisca da Silva. Ó gba òmìnira kúrò lóko ẹrú. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa tó wà níbẹ̀ dìtẹ̀ ní 1835, ìjọba mú àwọn ọmọ rẹ̀ náà. Ní 1837 ó wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Marcelina da Silva, tí orúkọ Ṣàngó rẹ̀ ń jẹ́ Ọbatọ́sí, ló wá di ìyá ilé náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé náà wà síbẹ̀ dòní. Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọkà ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Bùràsíìlì tún ń pè é ní Casa Branca. Ní 1984 ìjọba wọn kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, òun sì ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Inú ilé náà ni ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà mìíràn ní Bàhíà ti yọ. Nígbà tí UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ sínú ìwé tiwọn ní 2023, gbogbo wa yọ̀. Ó yẹ ká rántí pé obìnrin tó jẹ oyè ààfin wa ló gbé Ṣàngó kan náà ró nínú oko ẹrú, nígbà tí ẹni tó bá lu bàtá níbẹ̀ lè sùn sẹ́wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan sọ pé: "Francisca ni mí, Ìyá Nàsó ni oyè mi."

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Mi ò gbọ́ èyí rí. Ẹ ṣeun, Adósù. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Ẹfúnṣetán, nítorí mo mọ bí wọ́n á ṣe ṣe é: ọmọ á gbé idà, á máa pa ẹrú aláboyún káàkiri, àwọn òbí á pàtẹ́wọ́. Orí ìtàgé la ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè Ìyálóde Ìbàdàn ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Johnson ní wọ́n kà sí i lọ́rùn: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó dé. Ọ̀rọ̀ ẹrú aláboyún kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin tí ẹrú tó wà lóko rẹ̀ nìkan kò dín ní 2,000, tó ń fi ohun ìjà ránṣẹ́ sógun tẹ́lẹ̀, tó wá sọ pé ó tó. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n yọ ọ́ tí wọ́n fi pa á lóru. Mi ò ní ẹni mímọ́ ni, ó kó ẹrú. Àmọ́ kí ọmọ tó bá yàn án sọ ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ káalẹ́ o. Tí ẹ bá ń sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má gbàgbé Míìsì Ruth Kersey. Nọ́ọ̀sì òyìnbó Amẹ́ríkà ni, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi. Ọsibítù tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ níbí lẹ́yìn tó dé ní 1907 ló ti ṣiṣẹ́, èyí tó ti di ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Bowen báyìí. Nígbà náà, tí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ náà kì í pẹ́ tẹ̀ lé e, nítorí kò sí ọmú. Kersey bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀, ilé àwọn ọmọ aláìníyàá tó dá sílẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìlú yìí. Ẹni tó bá ní kì í ṣe ọmọ ìlú, kó lọ bi àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà níbẹ̀.

Ọmọ Tàmálè

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Àwọn obìnrin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ilé wọn ló kún Ògbómọ̀ṣọ́.

Tàmálè ní àríwá Gánà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ lọ wo ìtàn àwọn Yorùbá tó wà ní àríwá Gánà nígbà náà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú àwọn tó pọ̀ jù. Àwọn baba ńlá wa fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, wọ́n ru aṣọ lórí. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi tẹ̀ lé wọn. Ẹ má rò pé torí kí wọ́n lè máa dáná fún ọkọ ni wọ́n ṣe lọ. Olúkúlùkù obìnrin ló ní ọjà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ kì í sì í dá sí owó rẹ̀. Ìyá mi ń ta páànù, abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ. Ó ń ná ọjà kan lónìí, ó ń ná òmíràn lọ́la, ó gbọ́ Dàgbánì, ó gbọ́ Haúsá, kò sì wọ iléèwé rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, á fi sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, á kọ́ ọ ní ìṣírò, á wá fún un ní ọjà díẹ̀ láwìn kó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣe ń fa ẹnì kan nìyẹn, títí Yorùbá fi kún ọjà náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti lo ogún, ọgbọ̀n ọdún. Awìn tí wọ́n tà kò wọlé mọ́. Ọjà tí kò ṣeé gbé, wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ọmọ tí kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí wọ ọkọ̀ ẹrù wá sílé. Ìyá mi dé láìní nǹkan kan ju aṣọ àti abọ́ páànù lọ. Láti ara abọ́ yẹn ló ti tún ìsọ̀ pa ní Ògbómọ̀ṣọ́, owó ìsọ̀ náà ló sì rán wa níṣẹ́ ìwé. Irú rẹ̀ kò lóǹkà nílùú yìí. Ẹ wo àwọn ilé alápá bíríkì àtijọ́ tó wà káàkiri, ẹ bi wọ́n pé owó ibo ló kọ́ ọ, ẹ ó gbọ́ Gánà.

Olùkọ́, ẹ ní kí àwọn ọmọ bi ìyá ìyá wọn. Mo fi dá yín lójú, ó kéré tán, ẹnì kan nínú kíláàsì yẹn jẹ́ ọmọ-ọmọ obìnrin tó ti Gánà dé. Kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó tán.

Olùkọ́ Tákíé

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ti mú Ìyáyùn, ọ̀kan mú Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ (á sọ ìhà méjèèjì, Bàbá Jọ́bẹlẹ́). Ọ̀kan mú Ìyá Nàsó ti Bàhíà, ó sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Francisca. Ọmọ tó mú Ẹfúnṣetán ti gbé idà sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ní ìyá àgbà àwọn gbé Gánà, wọ́n á jọ ṣe é pa pọ̀, olúkúlùkù á sì dárúkọ ìyá àgbà tirẹ̀.

Ó ku Ìyákéré. Mo fẹ́ kí ọmọ náà gbé adé wọlé, kó gbé e lé ọmọkùnrin kan lórí. Ṣé ó bójú mu?

Bàbá Jọ́bẹlẹ́

Olùkọ́, ẹ gbìyànjú púpọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ adé onílẹ̀kẹ̀ tó ní ìbòjú. Adé Aláàfin kì í ṣe ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ páálí lẹ fi ṣe é. Ẹ bo igbá ní aṣọ funfun, kí ọmọ náà gbé e dání, kó sọ pé adé wà nínú rẹ̀. Àgbà tó bá wà níbẹ̀ á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ọmọ Akẹ́sán

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Kó sì kọ̀ láti ṣí igbá náà ní ìgbà àkọ́kọ́ tí "ọba" bá béèrè. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Ìyá Ìjérù

Olùkọ́, mi ò gbọ́ ti Lọ́rungbẹ́kún nínú èyí tí ẹ kà o. Tí ó bá ku ọmọ kan tí kò tíì yàn, ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi níwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. A ó rẹ àgbàdo, a ó jẹ́ kó hù, a ó sá a kó gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, ká tó sè é. Kó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kó tó dúró níwájú àwọn ènìyàn. Ìkòkò wà lọ́wọ́ mi, àgbàdo nìkan ni kí wọ́n mú wá.